Ẹ Má Dà Á Mọ́ Ìdọ̀tí Ilé: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nípa Òfin Àtúnlò Ẹ̀rọ Tó Ti Bàjẹ́

Ẹ yí ṣájà tàbí rìmóòtù kan wò lẹ́yìn. Láàárín àwọn lẹ́tà wínníwínní tó wà níbẹ̀, ẹ máa rí àwòrán ike ìdọ̀tí kan tó ní táyà lẹ́sẹ̀, tí wọ́n fi ìlà méjì fagi lé. Ìlà dúdú kan tó sanra sábà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Ojú wa ti mọ́ àmì yìí débi pé a kì í rí i mọ́. Ohun tó ń sọ kò ju pé: ẹ má dà mí mọ́ ìdọ̀tí ilé. Ìlà dúdú yẹn ní tiẹ̀ ń jẹ́rìí pé ẹ̀yìn ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ ọdún 2005 ni ẹ̀rọ náà dé ọjà ní Yúróòpù, lẹ́yìn tí òfin European Union ti di ẹrù pàǹtí ẹ̀rọ lé àwọn tó ń ṣe é jáde lórí.

Ìròyìn tí Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2024 sọ pé gbogbo ayé pa 62 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ tì ní ọdún 2022 nìkan. Èyí tí àkọsílẹ̀ fi hàn pé wọ́n kó jọ, tí wọ́n sì sọ di àtúnlò bó ṣe yẹ, kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìdá 22.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, orílẹ̀-èdè 81 ló ti ní òfin tàbí ìlànà lórí ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe pé òfin kò sí. Láàárín ọwọ́ wa sí ẹnu ọ̀nà ibùdó ìkójọ ni púpọ̀ nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí ti ń sọnù, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Èyí tó kọ́kọ́ ń ṣì wá lọ́nà ni èrò pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ nìkan ni òfin ń bá wí. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn òfin yìí dúró lórí pé ẹni tó ṣe ọjà ni yóò ru ìnáwó ìgbẹ̀yìn rẹ̀. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ kò lè wọ yàrá yín wá gbé tẹlifíṣọ̀n. Ní Jámánì, ẹni tó ni ẹ̀rọ ni òfin pàṣẹ fún pé kó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìdọ̀tí ilé, kó sì yọ bátìrì tó bá ṣeé yọ kó tó fà á kalẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ New York, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2015, ará ilé kankan kò gbọdọ̀ gbé tẹlifíṣọ̀n tàbí kọ̀ǹpútà síta fún àwọn tó ń kó ìdọ̀tí mọ́.

Ẹ má sì rò pé bí òfin ṣe rí níbì kan náà ló rí níbi gbogbo. Ọ̀rọ̀ owó ló máa ń fi èyí hàn jù. Ní Japan, láti ọdún 2001 ni òfin ti wà lórí ẹ̀rọ ńlá mẹ́rin inú ilé: ẹ̀rọ amúlétutù, tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì àti ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ìgbà tí ẹni tó ni ẹ̀rọ bá fẹ́ pa á tì ló máa san owó àtúnlò rẹ̀. Ní California, ìgbà tí ẹ bá ń ra ẹ̀rọ tó ní ojú ìwòran ni ẹ ti máa san tiẹ̀, ó sì ti rí bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2005. Ní Switzerland, owó náà ti wà lára iye tí ẹ fi ra ẹ̀rọ, nítorí náà ọ̀fẹ́ ni ẹni tó ń ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa gbà á padà, ẹ̀ báà má tiẹ̀ ra nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ní àwọn orílẹ̀-èdè European Union, ṣọ́ọ̀bù tí àyè tó fi ń ta ẹ̀rọ bá tó 400 mítà níbùú lóròó gbọ́dọ̀ gba ẹ̀rọ kékeré tí kò gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25 lọ́wọ́ yín lọ́fẹ̀ẹ́, láìní kí ẹ ra òmíràn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé ẹ̀tọ́ wọn nìyẹn, wọ́n á di fóònù tó kú mọ́wọ́, wọ́n á máa wá ibi tí wọ́n máa gbé e sí. Ẹ béèrè bó ṣe rí níbi tí ẹ ń gbé kí ẹ tó yọ owó, kí ẹ sì tó gbé fíríìjì sí ẹ̀bá ọ̀nà pẹ̀lú èrò pé ẹnì kan á wá gbé e.

Ti bátìrì ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bátìrì lítíọ̀mù inú fóònù tẹ́ẹ́rẹ́ bí bísíkíìtì, awọ tó bò ó kò sì ju bébà tó nípọn lọ. Bí ẹ bá sọ ọ́ sínú ike ìdọ̀tí, ọkọ̀ akódọ̀tí máa gbé e, irin ńlá inú ọkọ̀ á sì fún gbogbo ẹrù náà pọ̀ kí àyè lè gbà sí i. Níbi tó ti ń fún un ni awọ bátìrì ti máa ya. Ohun tó wà nínú rẹ̀ á gbóná lójijì, á sì gbaná láàárín bébà àti ọ̀rá. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà kò mọ̀ pé iná ti ń jó lẹ́yìn òun.

Bí bátìrì bá ti wú, tó ti ń ti ẹ̀yìn fóònù síta, ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ ẹnì kan tó gbá a lọ́wọ́. Ẹ má fi ṣájà sí i mọ́, ẹ má sì kó o pọ̀ mọ́ àwọn bátìrì mìíràn. Ẹ fi sẹlotéèpù lẹ ojú irin tí iná ń gbà jáde lára rẹ̀ bí ẹ bá lè rí i láìfipá ṣí i, kí ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ ibùdó pé ó ti wú kí ẹ tó gbé e lé e lọ́wọ́.

Àwọn kan kì í ju ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́ nù ní tiwọn. Wọ́n á jókòó tì í pẹ̀lú òòlù, kí wọ́n lè yọ bàbà inú rẹ̀. Mo mọ̀ pé owó ni wọ́n ń wá, n kò sì fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹnikẹ́ni tó ń wá owó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, èyí tó ní ìdí gbàgìrì. Òjé wà nínú gíláàsì rẹ̀, ó sì lè tó kílò kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fọ́ ọ, eruku òjé dé sí ilẹ̀ tí ọmọdé ń rá lé. Iná mànàmáná sì lè ṣì wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára ògiri. Bí ẹ bá dáná sun wáyà kí ọ̀rá ara rẹ̀ lè yọ́, èéfín tó ń jáde ní májèlé tí wọ́n ń pè ní dioxin nínú. Bí ẹ bá gé páìpù ẹ̀yìn fíríìjì àtijọ́, gáàsì tó ń ba ojú òfuurufú jẹ́ ló máa tú jáde, ẹ ò sì ní rí i. Ìdí rèé tí òfin European Union fi ní kí wọ́n kọ́kọ́ yọ bátìrì, ohunkóhun tó ní mẹ́kúrì àti àpótí yíǹkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kúrò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó sì jẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ ló máa ṣe é.

Fífi ẹ̀rọ sínú dúrọ́ọ̀ fún ọdún mẹ́wàá náà kò dára, bí òfin kò tilẹ̀ ní mú yín sí i. Láàárín ọdún 2017 sí 2019, àwọn ará Japan kó nǹkan bí 79,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ kékeré jọ, fóònù inú rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà. Wúrà bíi kílò 32 ni wọ́n yọ nínú rẹ̀, àti fàdákà tó lé ní tọ́ọ̀nù mẹ́ta. Òun ni wọ́n fi rọ àmì ẹ̀yẹ eré Òlíńpíìkì Tokyo 2020, nǹkan bí 5,000. Irú ẹ̀rọ kékeré tó wà nínú dúrọ́ọ̀ yín náà ni wọ́n ti yọ ọ́.

Kí fóònù tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ má gbàgbé ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan nígbà kan. Nígbà tí mo tàn án, fọ́tò ìgbéyàwó ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé ìrìnnà rẹ̀ àti owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lórúkọlórúkọ. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀ fún un, torí kò mọ̀ mí, bẹ́ẹ̀ ni kò sì mọ̀ bóyá èèyàn rere ló rà á. Òfin tó ní kí wọ́n gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ yín kò túmọ̀ sí pé ẹni tó gbà á máa bá yín nu inú rẹ̀. Ẹ yọ síìmù àti mẹ́mórì, ẹ jáde nínú àkáǹtì yín, kí ẹ tó dá fóònù padà sí bó ṣe rí nígbà tó jẹ́ tuntun. Ti kọ̀ǹpútà le díẹ̀: fáìlì tí ẹ jù sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí rẹ̀ ṣì wà lórí háàdì dísìkì.

Ó ku àṣìṣe tí àwọn tó láàánú máa ń ṣe: fífi ẹ̀rọ tó ti kú ránṣẹ́ sí ilẹ̀ mìíràn bí ẹ̀bùn. Àdéhùn Basel, tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní ọdún 1989, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1992, ló ń darí bí pàǹtí eléwu ṣe ń kọjá ibodè. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2025, gbogbo pàǹtí ẹ̀rọ ti bọ́ sábẹ́ rẹ̀, ìbáà ní májèlé, ìbáà má ní: orílẹ̀-èdè tó máa gbà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Kíkọ “àlòkù” sára páálí kò yí i padà. Òfin European Union ní kí ẹni tó bá ń kó ẹ̀rọ àlòkù ránṣẹ́ fi ẹ̀rí hàn pé wọ́n ti yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, pé ó ń ṣiṣẹ́, kó sì dì í dáadáa kí ó má baà fọ́ lọ́nà. Bí tẹlifíṣọ̀n yín kò bá tàn mọ́, pàǹtí ni lójú òfin, ẹni tó sì máa sun wáyà rẹ̀ ní òdìkejì òkun ni ẹ ń dì í fún.

Bí ẹ bá sì ń gbé ẹ̀rọ lọ fún ilé-iṣẹ́ kan, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń kó o lọ, àti ẹni tó fún wọn ní ìwé àṣẹ. R2 àti e-Stewards ni ìwé ẹ̀rí méjì tí wọ́n mọ̀ jù lágbo iṣẹ́ yìí, tó ń fi hàn pé ilé-iṣẹ́ kan ń ṣe àtúnlò ẹ̀rọ bó ṣe yẹ. Ẹ gba rìsíìtì tó kọ irú ẹ̀rọ náà àti ọjọ́ tí ẹ kó o wá, àgàgà tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́. Bí wọ́n bá ní àwọn kò lè sọ ibi tó ń lọ, ẹ gbé e padà sínú ọkọ̀ yín.