Iṣẹ́ Ìrànwọ́ Tí Kò Ní Kú Lọ́jọ́ Tí Ẹ Bá Gboyè

Ohun tó sábà máa ń pa iṣẹ́ ìrànwọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì dá sílẹ̀ kì í ṣe àìlówó. Àwọn tó dá a sílẹ̀ á gboyè, wọ́n á lọ, kò sì ní sẹ́ni tó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Ọjọ́ tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti máa múra ọjọ́ tí ẹ máa fi í lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀kọ́ ìwé kíkà lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ kọ́kọ́ lọ bá òbí 10 àti olùkọ́ 3. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó ń dà wọ́n láàmú jù, ohun tí wọ́n ti dán wò rí, àti ìdí tí kò fi ṣiṣẹ́. Ìbéèrè kẹta yìí ló níye lórí jù. Bí àwọn òbí bá sọ pé àwọn ọmọ ń tọ́jú àbúrò wọn nírọ̀lẹ́, ẹ ti mọ̀ pé ẹ̀kọ́ aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò ní ṣeé ṣe, ẹ ò sì tíì náwó kankan.

Ọ̀sẹ̀ 6 ni kí ẹ fi dán an wò, kó sì kéré: ọmọ 12, akẹ́kọ̀ọ́ 6, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ 4 á kọ́ ọmọ mẹ́ta-mẹ́ta, 2 tó kù á wà ní ìmúrasílẹ̀, torí ó dájú pé ẹnì kan á ṣàìsàn tàbí kó ní ìdánwò. Ẹni tó bá gba ọmọ 50 láti ìbẹ̀rẹ̀, ariwo ló máa kó jọ, kò ní lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìwé kíkà.

Lọ́jọ́ kìíní, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ka àyọkà kan sókè fún ìṣẹ́jú 1. Ẹ ka iye ọ̀rọ̀ tó pè dáadáa, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ tún un ṣe pẹ̀lú àyọkà mìíràn tí líle rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba, torí ọmọ lè ti há ti tẹ́lẹ̀ sórí. Àkọsílẹ̀ yìí náà lẹ máa fi han ẹni tí ẹ bá fẹ́ tọrọ owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má dá wà pẹ̀lú ọmọ nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. Kí òbí fọwọ́ sí ìwé àṣẹ kí ọmọ tó wá.

Ẹ sọ fún àwọn òbí láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà pé ẹ máa dáwọ́ dúró ní ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú ìdánwò yunifásítì, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ máa padà. Ọmọ tó bá wá lẹ́ẹ̀mejì tó bá ilẹ̀kùn ní títì, ẹ̀ẹ̀kẹta kò ní wá.

Ní ti ìfilélọ́wọ́, ẹ fi ènìyàn 2 sí ipò kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan nínú wọn ṣì ní ọdún 2 lọ́gbà. Kí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ jọ ṣiṣẹ́ fún odindi sáà kan. Ìwé àlàyé nìkan kò tó, torí kì í ṣe ìwé àlàyé yẹn ni àwọn òbí mọ̀, ojú ènìyàn ni wọ́n mọ̀. Kí àkáǹtì báńkì jẹ́ ti ẹgbẹ́, kí ènìyàn 2 máa fọwọ́ sí i. Ẹ má lo ímeèlì tí yunifásítì fún yín, torí wọ́n lè tì í pa bí ẹ bá jáde. Ẹ wá olùkọ́ yunifásítì kan tí yóò dúró tì yín. Òun kì í gboyè jáde.

Engineers Without Borders ti Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ ìrànwọ́ fáwọn ìlú, tí Bernard Amadei, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Colorado, dá sílẹ̀ ní 2002, máa ń ní kí ẹ̀ka àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ìlú kan ṣe àdéhùn ọdún 5. Bẹ́ẹ̀, ọdún 4 ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò lọ́gbà. Ìyẹn ni pé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ kọ́ ni yóò parí rẹ̀.

Bí ẹ ò bá rí ẹni gbà á, ẹ sọ fún àwọn òbí ní oṣù 2 ṣáájú, kí ẹ kó ìwé kíkà àti àkọsílẹ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan fún olùkọ́ rẹ̀.