Bí Mo Ṣe Fi Òṣùwọ̀n Yan Hítà Gáàsì fún Ilé Ọmọ Adìyẹ

Èédú ti sú Alhaja tí mò ń bá ṣiṣẹ́ lóko adìyẹ wọn lọ́nà Lálúpọn. Èéfín á gba gbogbo ilé, òṣìṣẹ́ á máa jí lóru láti kó èédú kún ìkòkò, owó àpò kan kò sì rọjú mọ́. Èyí tó tún burú jù ni carbon monoxide, gáàsì olóró tí èédú ń tú jáde. Kò lóòórùn, kò sì ṣe é fojú rí, ó lè pa ọmọ adìyẹ àti ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Alhaja ní kí n lọ wo hítà gáàsì tó lè gbé ilé ńlá, kí n sì mú èyí tí kò ní jẹ gáàsì jù.

Ẹni tí kì í sin adìyẹ lè bi mí pé kí ni hítà ń wá n'Íbàdàn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọ adìyẹ ọjọ́ kan ń fẹ́ ooru tó tó digiri 32 sí 35, lẹ́yìn náà la ó máa dín in kù ní bíi digiri mẹ́ta lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Òru ọyẹ́ kò lè fún un níyẹn, òjò oṣù Keje náà kò lè fún un.

Oríṣi méjì ni mo fojú sí. Blower ni fáànù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kọjá lára iná gáàsì, tó sì ń tú u sínú ilé ní gbígbóná. Infrared ni wọ́n ń so kọ́ sókè. Ojú rẹ̀ á pọ́n, ooru rẹ̀ á sì bọ́ sára adìyẹ àti ilẹ̀ tààrà, bí oòrùn ṣe ń ṣe. Ẹ̀kẹta wà tí wọ́n ń lò ní iléeṣẹ́ ńlá lókè òkun, tó ń fa ooru inú èéfín jáde títí oru inú èéfín náà á fi di omi, tí ìwúlò gáàsì rẹ̀ fi ń kọjá ìdá 90 nínú 100. Ilé tiwa tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ wáyà àti tapólì kò nílò irú ẹ̀.

Láti sọ bí ooru hítà ṣe pọ̀ tó, èyí kọ BTU sára, ìyẹn kọ kilowatt. Mo sọ gbogbo wọn di kilowatt: kilowatt 1 jẹ́ BTU 3,412 ní wákàtí. Infrared BTU 17,000 di bíi kilowatt 5, blower BTU 100,000 di 29. Kílò kan gáàsì ìdáná ń gbé bíi kilowatt-wákàtí 13 jáde, ìyẹn ooru tó lè gbé hítà kilowatt 1 fún wákàtí 13. Tí infrared yẹn bá ń jó ní kíkún, bíi kílò 0.4 ni yóò jẹ ní wákàtí kan, blower á sì jẹ lé ní kílò 2. Sílíńdà 12.5 kò ní pé wákàtí mẹ́fà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì yọ̀. Ooru blower kan ń kárí ibi tí infrared mẹ́fà ń kárí, ẹ ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí i pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ohun tó kù ni iye wákàtí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa fi jó kí òru tó tán.

Ẹnì kan tó ń ta blower fi hàn mí pé wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé ìwúlò gáàsì rẹ̀ jẹ́ ìdá 99 nínú 100. Kò parọ́. Hítà tí kò ní ọ̀nà èéfín kò lè pàdánù ooru, nítorí èéfín rẹ̀ kò lọ síbì kankan, inú ilé náà ló wà. Kílò gáàsì kan ń dá bíi lítà kan ààbọ̀ omi sínú afẹ́fẹ́. Nígbà ọyẹ́, kò burú. Nígbà òjò, omi yẹn ló ń rin èérún pákó tí a tẹ́ sílẹ̀ fún adìyẹ, tí òórùn ìgbẹ́ á fi máa ta ojú. Ni a ó bá ká tapólì sókè kí ọ̀rinrin náà lè jáde, ooru á sì bá a lọ. Páálí kò kọ ìyẹn.

Mo yá blower lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan ní Ẹgbẹ́dá, a ra infrared díẹ̀. Mo fi tapólì pín ilé sí méjì ọgbọọgba, adìyẹ iye kan náà, èérún pákó kan náà, thermostat (ohun tó ń tan hítà, tó sì ń pa á bí ooru bá tó) ní ìwọ̀n kan náà. Ìrọ̀lẹ́ la ń gbé sílíńdà sórí òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn oúnjẹ, àárọ̀ la tún ń gbé e padà. Ìwọ̀n irin sílíńdà wà lára ọrùn rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ohun tó kù ni gáàsì. Tẹmómítà, ìsàlẹ̀ ni mo so ó sí, níbi tí ẹ̀yìn adìyẹ dé, kì í ṣe níbi àyà èèyàn.

Ní ìhà blower, abẹ́ òrùlé páànù ń gbóná fòò nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù. Mo gbé ọmọ adìyẹ kan, mo fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó tutù rinrin. Àwọn tó kù ti kóra jọ sójú ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde. Ní ìhà kejì, wọ́n tàn káàkiri, àwọn kan ń jẹun, àwọn kan na ẹsẹ̀ sùn. Láràárọ̀ sì ni gáàsì tó ṣẹ́ kù ní ìhà infrared ń pọ̀ ju ti èkejì lọ. Tí iná bá lọ pẹ̀lú, fáànù blower á dúró, ẹ ó tan jẹnẹrétọ̀. Owó epo náà kún un.

Ohun kan tí wọn kì í sọ fún èèyàn: tí ẹ bá fi sílíńdà kékeré gbé hítà ńlá, ara rẹ̀ á tutù, á funfun fún yìnyín, iná á sì rẹlẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé gáàsì kò tíì tán. Gáàsì olómi ń fa ooru lára irin kó tó di afẹ́fẹ́. Sílíńdà 50 ni a fi rọ́pò rẹ̀, méjì tí a so pọ̀. Ìta la gbé wọn sí, torí gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń sá sí bó bá jò. Ọṣẹ olómi la fi ń dán gbogbo ojú ìsopọ̀ wò.

Alhaja wo infrared tó pọ́n lókè, wọ́n ní, "Ṣé o ò ní jó ilé mọ́ mi lórí báyìí?" Mo fi ṣéènì àti wáyà àdìmú kejì tí a fi so ó hàn wọ́n, wọ́n ní ó dáa. Infrared la wá rà fún gbogbo ilé. Blower ti padà sí Ẹgbẹ́dá, ṣùgbọ́n a máa ń lọ yá a, torí kò sóhun tó ń mú ilé òfìfo gbóná kíá bíi tirẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú kí ọmọ adìyẹ tó dé. Alhaja ti ní kí n bá àwọn ná an bí ọ̀rẹ́ mi bá fẹ́ tà á.