Bí Mo Ṣe Gbẹ́ Kòtò Méjì ní Pápá Ìjẹko Texas Kí N Tó Lè Fún Ilẹ̀ Ibẹ̀ Lórúkọ

Bàbá tó ni pápá ìjẹko náà kò pè wá nítorí orúkọ. Ohun tó ń jẹ wọ́n lọ́kàn ni pé apá kan nínú pápá wọn, ní gúúsù ìlú Lubbock, kún fún koríko blue grama tí màlúù fẹ́ràn, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ti kọjá wáyà ọgbà tó pín pápá náà sí méjì bọ́ sí apá kejì, igi mesquite ẹlẹ́gùn-ún ló gba ibẹ̀ kan, ilẹ̀ sì ṣófo láàárín wọn. Wọ́n gbà pé ilẹ̀ ibi méjèèjì yàtọ̀ síra ni. Máàpù ilẹ̀ ti ìjọba Amẹ́ríkà, tí ẹnikẹ́ni lè wò lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sì sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n: irú ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Amarillo. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi ni kí n gbẹ́ kòtò sí ìhà méjèèjì, kí n ṣàpèjúwe ilẹ̀ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí n sì fún un lórúkọ bí Soil Taxonomy, ètò tí Amẹ́ríkà fi ń pín ilẹ̀ sí oríṣi, ṣe là á sílẹ̀. Mo ń kọ ọ́ síbí nítorí àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ilẹ̀ ní Nàìjíríà, tí wọ́n ń há àwọn orúkọ gígùn wọ̀nyí sórí fún ìdánwò láìtíì rí bí wọ́n ṣe ń dé ìdí wọn.

Ibẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Llano Estacado ni wọ́n ń pe gbogbo ilẹ̀ gíga yẹn, ó sì ga tó nǹkan bíi 1,000 mítà ju òkun lọ ní àyíká Lubbock. Òjò ọdún kan níbẹ̀ jẹ́ bíi 480 mìlímítà, kò tó ìdajì ti Ìbàdàn, láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹwàá ni púpọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń rọ̀. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ máa ń gba omi yẹn padà kó tó rìn jìnnà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibi tí omi òjò ń rìn dé nínú ilẹ̀ ló ṣàlàyé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ohun tí mo bá nínú kòtò.

Kí a tó fi irin kan ilẹ̀, mo pe 811. Nọ́ńbà yẹn ni ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́lẹ̀ ní Amẹ́ríkà máa ń pè kí wọ́n lè wá fi àmì síbi tí páìpù tàbí wáyà bá gbà kọjá lábẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ epo rọ̀bì ni ìwọ̀-oòrùn Texas, páìpù kò wọ́n níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni katapílà kékeré gbẹ́ kòtò kan sí ìhà kọ̀ọ̀kan wáyà náà. N kò jẹ́ kí èyíkéyìí jìn ju mítà kan ààbọ̀ lọ, torí ilẹ̀ oníyanrìn máa ń ya luni láìròtẹ́lẹ̀. Mo yan ògiri tí oòrùn ń tàn sí, mo fi ọ̀bẹ họ ojú rẹ̀ títí gbogbo ibi tí eyín katapílà ti rá fi kúrò, mo so téèpù rọ̀ sí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Níbi tí koríko ti dára, ìpele òkè nípọn tó bíi 28 sẹ̀ǹtímítà. Ó pọ́n díẹ̀, irun gbòǹgbò koríko sì kún inú rẹ̀ pitimu. Mo bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, mo wọ́n omi sí i, mo pò ó. Yanrìn wẹ́wẹ́ ló ń ha mí lọ́wọ́, nígbà tí mo sì fi àtàǹpàkò tì í jáde pẹlẹbẹ, kò gùn tó ìka kó tó já. Mo kán ásíìdì sí i, kò hó rárá, a jẹ́ pé òjò ti fọ ẹfun, nǹkan funfun tí ásíìdì máa ń mú hó, kúrò níbẹ̀. Ìbéèrè tó kàn ni pé ṣé ìpele yìí dúdú tó láti jẹ́ mollic, irú èyí tí ilẹ̀ pápá koríko sábà máa ń ní. Mo rin ín, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìwé àwọ̀ Munsell. Òfin ní kí nọ́ńbà ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má ju 3 lọ nígbà tó bá tutù. Tiwa jẹ́ 4, kò wọlé. Ilẹ̀ Pullman tó wà lápá àríwá, tí amọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù tibí lọ, máa ń wọlé ní tirẹ̀, Mollisol, ìyẹn oríṣi ilẹ̀ tó ní ìpele mollic, ni wọ́n sì kà á sí.

Ìpele tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi fara balẹ̀ wò. Ó pọ́n ju ti òkè lọ, ó le jù ú lọ, ó sì ń là ní òpó gbọọrọ gbọọrọ bí mo ṣe ń fi ọ̀bẹ yẹ̀ ẹ́. Èyí tí mo tì jáde láàárín ìka níbẹ̀ gùn dáadáa kó tó já. Ṣùgbọ́n pé amọ̀ pọ̀ sí i nìkan kò tó láti pe ìpele kan ní argillic, ìyẹn ìpele tí amọ̀ láti òkè ti kó jọ sí. Afẹ́fẹ́ lè ti kó yanrìn wá dà lé ilẹ̀ alámọ̀ lórí. Ẹ̀rí tí a ń wá ni pé amọ̀ náà ti òkè ṣí wá. Mo mú ìṣù kékeré kan, mo fi ọwọ́ là á sí méjì, mo gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ojú ibi tó là ń dán, bí ẹni pé wọ́n fi epo ra á. Nínú ihò tóóró tí gbòǹgbò àtijọ́ fi sílẹ̀, amọ̀ tẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ara ihò, amọ̀ kan náà ló sì so yanrìn kan mọ́ èkejì. Nígbà tí òjò bá rọ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó máa ń tú amọ̀ tó kéré jù lọ ká, á gbé e gba ojú ihò sọ̀kalẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ bá ti fa omi náà mu tán, amọ̀ á kù sára ògiri. Ẹ wo iye òjò tó ti ní láti rọ̀ ní ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ojú tó lè rí i! Nígbà tí èsì láàbù dé, amọ̀ ìpele òkè jẹ́ ìdá 13 nínú 100, ti ìpele yìí jẹ́ ìdá 25. Tí ti òkè kò bá tó 15, òfin béèrè pé kí ti ìsàlẹ̀ fi 3 ó kéré tán jù ú lọ. Argillic ni, kò sí àríyànjiyàn.

Ní nǹkan bíi mítà kan sísàlẹ̀, funfun dà pọ̀ mọ́ pupa. Mo kán ásíìdì sí i, ó hó yaya. Kálísíọ̀mù kábọ́nétì nìyẹn. Eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri àti omi òjò fúnra rẹ̀ ló ń kó kálísíọ̀mù wá. Omi tó ti gba èémí gbòǹgbò mọ́ra á yọ́ ọ, á gbé e lọ, ibi tí gbòǹgbò bá sì ti fa omi yẹn tán ni ẹfun náà ń jókòó sí. Leland Gile, onímọ̀ ilẹ̀, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní àyíká Las Cruces ní New Mexico, tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1966 pé ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni ẹfun yìí ń gbà dàgbà. Á kọ́kọ́ jẹ́ okùn tín-ín-rín, á di kókó, kókó á pàdé ara wọn, ìpele líle kan á sì wá bò ó lórí. Tiwa ti kọjá kókó, kò tíì pàdé tán. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kòtò kejì, lábẹ́ mesquite, ló ya bàbá lẹ́nu. Ìpele pupa kan náà, amọ̀ dídán kan náà, ẹfun kan náà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ìpele òkè kò ju bíi 12 sẹ̀ǹtímítà lọ, ẹfun sì bẹ̀rẹ̀ ní bíi 84. Iye tí òkè fi dín ni ẹfun fi sún mọ́ òkè, a jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ṣí orí ilẹ̀ náà lọ. Mo bi wọ́n léèrè ohun tó ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní láyé bàbá wọn àgbà, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni kànga kan ṣoṣo wà, gbogbo màlúù ló sì ń kó jọ síbẹ̀. Mo bu omi sínú ife méjì, mo sọ ìṣù ilẹ̀ gbígbẹ kan láti ojú ilẹ̀ ìhà kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀. Èyí tó wá láti abẹ́ koríko jókòó sísàlẹ̀ ife láìfọ́. Èkejì ti tú ká kí n tó ka márùn-ún. Ilẹ̀ tó bá ń tú bẹ́ẹ̀, òjò àkọ́rọ̀ ló ń dí ojú ihò rẹ̀ pa, omi á ṣàn lọ dípò kó wọlé, irúgbìn koríko kò sì ní rí ọ̀nà hù.

Nípa orúkọ: fine-loamy, mixed, superactive, thermic Aridic Paleustalfs ni kòtò méjèèjì já sí. Láti ìparí ni kí ẹ ti máa kà á. Alf ni Alfisol, ìyẹn ilẹ̀ tó ní argillic, tí kálísíọ̀mù, magnesium àti irú wọn sì gba ó kéré tán ìdá 35 nínú 100 àyè tí amọ̀ fi ń di oúnjẹ irúgbìn mú. (Inú mi máa ń dùn síbí, nítorí ilẹ̀ Ìwó àti ilẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá, tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Smyth àti Montgomery ṣàpèjúwe nínú ìwé wọn ní 1962, wà lára Alfisol pẹ̀lú.) Ust ní omi kò tó, ṣùgbọ́n àsìkò tí koríko ń dàgbà ló ń dé. Pale ní ilẹ̀ náà ti dàgbà, amọ̀ rẹ̀ kò sì dín kù dé ìsàlẹ̀ kòtò. Aridic ní ìhà ọ̀gbẹlẹ̀ ló fì sí. Thermic ni ti ooru inú ilẹ̀, láàárín 15 sí 22 lórí ìwọ̀n Celsius. Fine-loamy ni ti amọ̀ tó wà láàárín ìdá 18 sí 35 nínú 100, mixed sì ní kò sí èròjà òkúta kan tó borí ìyókù. Superactive ló yà á sọ́tọ̀ jù sí ti ilé wa: amọ̀ ibẹ̀ ń di oúnjẹ mú gan-an, nígbà tó jẹ́ pé amọ̀ kaolinite ló pọ̀ jù ní ilẹ̀ Ìbàdàn, agbára ìyẹn kò sì tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, máàpù kò purọ́. Ṣùgbọ́n n kò lè fi orúkọ nìkan dá bàbá lóhùn, torí ohun tó gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún láti di bó ṣe wà ni orúkọ náà dúró lé, ohun tó sì bà jẹ́ nínú pápá wọn jẹ́ ti ìran mẹ́ta péré. Mo kọ ọ́ sínú ìròyìn pé ilẹ̀ kan náà ni, pé apá kejì ti pàdánù bíi 16 sẹ̀ǹtímítà lórí, àti pé ó ṣì ní agbára láti gbé koríko tí omi bá lè wọlé. Mo ní kí wọ́n gbé ìkòkò omi màlúù jìnnà sí ibẹ̀, kí wọ́n má da màlúù síbẹ̀ láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹwàá, kí ẹ̀ka mesquite tí wọ́n bá gé wà lórí ibi tó ṣófo kí afẹ́fẹ́ má baà tún gbé erùpẹ̀. Mo tún fi ìdánwò ife omi hàn wọ́n, kí wọ́n máa ṣe é lọ́dọọdún ní ìhà méjèèjì wáyà. Kò gba láàbù, kò sì gba owó.