Bí A Ṣe Lè Ṣètò Ìwé Ìbéèrè Lórí Páríìṣì Kátólíìkì àti Ìwàásù Inú Rẹ̀

Láti ọdún 1963 ni Ìpàdé Àpérò Vatican Kejì, ìyẹn ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì lágbàáyé, ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé apá kan ìsìn Mísà gan-an ni ìwàásù jẹ́. Òfin Ìjọ, ní ẹsẹ 212, fún àwọn ọmọ ìjọ ní ẹ̀tọ́ láti fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ sọ èrò wọn fún àwọn olùṣọ́-àgùntàn wọn lórí ohun tó jẹ mọ́ ire Ìjọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ 220 kò fàyè gba kí ẹnikẹ́ni ba orúkọ rere ẹlòmíràn jẹ́ láìtọ́. Ẹ fi ẹsẹ méjèèjì sọ́kàn kí ẹ tó kọ ìbéèrè kankan, nítorí ohun tó dé etí àti ọkàn àwọn olùgbọ́ ni a fẹ́ wọ̀n, kì í ṣe ìwà Fadá.

Ẹ kọ́kọ́ bá Fadá àti ìgbìmọ̀ páríìṣì (ìjọ àdúgbò tí Fadá ń ṣàkóso) sọ̀rọ̀, kí ẹ sì jọ fẹnu kò lórí ohun tí ẹ ó fi èsì náà ṣe. Èmi kò fara mọ́ kí a máa to àwọn páríìṣì sí ipò kìíní àti ìkejì, nítorí páríìṣì tí Fadá kan ṣoṣo ń sáré láàárín ilé ìjọsìn mẹ́rin kò ṣeé fi wé èyí tí Fadá mẹ́ta ń gbé.

Ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ lò nígbà kan ni: “Ǹjẹ́ ìwàásù òní dára?” Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ènìyàn ló mú máàkì tó ga jù, nítorí ta ni yóò fẹ́ fún Fadá rẹ̀ ní máàkì kékeré? Mo wá fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, mo sì fi ìlà òfìfo méjì sí abẹ́ rẹ̀: “Kí ni ohun kan tí ẹ̀ ń mú lọ sílé nínú ìwàásù òní?” Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yọjú. Ọ̀pọ̀ ló kọ ìtàn tí oníwàásù fi bẹ̀rẹ̀, láìrántí ọ̀rọ̀ Ìhìnrere tí ó tìtorí rẹ̀ sọ ìtàn náà. Àwọn mìíràn kò kọ nǹkan kan.

Fún àwọn ìbéèrè onímáàkì, 1 sí 5 ti tó, ṣùgbọ́n ẹ kọ ìtumọ̀ sí abẹ́ òǹkà kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan má baà rò pé 1 ni ó dára jù. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí ìbéèrè kan máa bi: “Ìwàásù náà yé mi, ó sì wọ̀ mí lọ́kàn” ti di méjì. Ẹ béèrè bóyá ìwàásù bá ẹ̀kọ́ kíkà ọjọ́ náà mu, àti bóyá ohùn dé ibi tí olùgbọ́ jókòó sí, nítorí kò yẹ kí ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó bàjẹ́ gba máàkì lọ́wọ́ oníwàásù. Ti gígùn ìwàásù yàtọ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, Póòpù Francis sọ pé kò yẹ kí ìwàásù kọjá ìṣẹ́jú 8. Ṣùgbọ́n bí òǹkà yín bá lọ láti “ó kúrú jù” dé “ó gùn jù”, 3 tó wà láàárín ni ó dára jù, nítorí náà ẹ má ṣe rò ó pọ̀ mọ́ àwọn máàkì tó kù.

Ní ti páríìṣì fúnra rẹ̀, ìbéèrè mélòó kan tó: bí wọ́n ṣe ń gba àlejò, àkókò ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ìbẹ̀wò àwọn aláìsàn, àti ìjábọ̀ ìnáwó.

Ẹ pín ìwé náà ní kété tí Mísà bá parí, ní gbogbo Mísà, títí kan ti ìrọ̀lẹ́ Sátidé, fún ọjọ́ Àìkú mẹ́rin ó kéré tán. Ẹni tó bá fẹ́ lè lo Google Forms, ìyẹn fọ́ọ̀mù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ẹ jẹ́ kí àwọn àgbàlagbà ṣì máa kọ tiwọn sórí ìwé. Ẹ má ṣe béèrè orúkọ, kí ó má sì jẹ́ Fadá ni yóò kó ìwé jọ.

Bí èsì bá dé, ẹ má ṣe wo ìpíndọ́gba nìkan. Ènìyàn márùn-ún tó fún ìwàásù ní 3, 3, 3, 3, 3 àti márùn-ún tó fún un ní 1, 1, 3, 5, 5 ní ìpíndọ́gba kan náà, bẹ́ẹ̀ ìjọ kejì ti pín sí méjì. Ẹ kọ́kọ́ fi ti ìwàásù han oníwàásù ní ìkọ̀kọ̀. Ohun tí páríìṣì fẹ́ tún ṣe ni kí ẹ kéde fún gbogbo ìjọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ tún béèrè àwọn ìbéèrè náà láìyí ọ̀rọ̀ kan padà, kí èsì méjèèjì lè ṣeé fi wéra.