Ẹ má gbé ẹ̀rọ ìgékoríko sún mọ́ ìdí igi

Ẹ̀yin ará, tí ẹ bá ń gé koríko láàárín igi eléso, ẹ ṣọ́ra fún ìdí igi o. Okùn tí ẹ̀rọ ìgékoríko fi ń gé koríko yẹn, bó ti tín-ín-rín tó, ó ń bó èèpo igi, pàápàá èyí tó ṣì kéré. Inú èèpo yẹn ni oúnjẹ ń gbà lọ sí gbòǹgbò. Tó bá bó yípo, igi á kú, bó pẹ́ bó yá. Ọwọ́ ni kí ẹ fi tu ibẹ̀, kí ẹ wá fi koríko gbígbẹ bò ó, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10, àmọ́ kó má kan ara igi, torí eku àti ìjẹrà. Àárín ìlà igi sí ìlà igi ńkọ́? Ẹ má gé koríko ibẹ̀ kanlẹ̀, kí àgbàrá má baà wọ́ ilẹ̀ lọ.