Eyín iwájú tí kò pàdé: ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe sí i

Ẹ ní kí ọmọ yín pa eyín dé, kí eyín ẹ̀yìn kan ara wọn, kí ẹ wá fi ìka gbé ètè rẹ̀ sókè wò. Bí eyín iwájú tòkè bá bo ti ìsàlẹ̀ díẹ̀, bíi mìlímítà 2 sí 3, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí eyín ẹ̀yìn bá ti kan ara wọn tán, tí ti iwájú ṣì jìnnà síra, tí ẹ ń rí ahọ́n láàárín wọn, ohun tí àwọn dókítà eyín ń pè ní open bite nìyẹn. Ẹni tó ní i kì í lè fi eyín iwájú gé búrẹ́dì tàbí ẹran, ẹ̀gbẹ́ ẹnu ló fi ń fà á ya. Bó bá fẹ́ pe “s”, afẹ́fẹ́ á gba àárín eyín jáde. Eyín ẹ̀yìn nìkan ló sì ń ṣe iṣẹ́ gbogbo ẹnu.

Ẹ má fi í pe èjí. Èjí wà láàárín eyín méjì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kì í sì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ oúnjẹ. Ọmọ tí eyín rẹ̀ kò pàdé lókè àti nísàlẹ̀ kò lè gé àgbàdo jẹ, ẹ máa yìn ín pé ó lẹ́wà, kò ní kí ó lè gé e.

Ní agbègbè wa ní ìpínlẹ̀ Kogi, láti Kabba dé Ẹ̀gbẹ̀, láti Ìyàrá dé Ìsánlú, àṣìṣe tó bí gbogbo àwọn yòókù ni pé àlàfo yẹn là ń bá jà, a kì í wá ohun tó fà á. Eyín tó ń hù kì í fẹ́ dúró títí yóò fi kan èkejì rẹ̀. Bí kò bá kàn án, nǹkan kan ló dúró sáàárín wọn: ìka, ọmú rọ́bà, ahọ́n. Nígbà mìíràn, egungun àgbọ̀n fúnra rẹ̀ ló dàgbà gùn jù, èyí sì máa ń wá láti ìdílé.

Ẹ má fi ata sí ọmọ níka

Ọmọ ń mu àtàǹpàkò, wọ́n fi ata rodo pa á. Òmíràn, omi ewúro ni. Tí kò bá gbọ́, wọ́n á nà án. Ọmọ á yọ ọwọ́ lẹ́nu lójú yín, ṣùgbọ́n bí ilé bá ti sùn, ó tún ti dá a padà. Òru gan-an ló sì burú jù, nítorí kì í ṣe bí ọmọ ṣe ń fà á tagbáratagbára ló ń sún eyín, bí ìka ṣe ń pẹ́ tó lẹ́nu ni. Agbára kékeré tó bá wà lára eyín fún wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ tó láti gbé e kúrò ní ààyè rẹ̀. Ọmọ tó ń fa ìka gidi fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ́sàn-án lè má ní àbùkù kankan; èyí tó kàn fi í sẹ́nu sùn mọ́jú ni eyín rẹ̀ ń yà. Ẹ sì rántí pé ọwọ́ tí ata wà lára rẹ̀ yẹn náà ni ọmọ yóò fi nu ojú.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń fi í sílẹ̀ fúnra wọn láàárín ọdún 2 sí 4, nítorí náà ẹ fi ọmọ kékeré sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Láti ọdún 4, kí eyín àgbà tó yọ níwájú ní nǹkan bí ọdún 6 sí 7, ẹ bá a sọ ọ́, ẹ yìn ín ní àárọ̀ tí kò bá mu ún, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ sí i lọ́wọ́ lálẹ́. Bó bá fẹ́ fi í sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè ṣe é, dókítà eyín lè fi wáyà kékeré kan sí òkè ẹnu rẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí ìka rí ibi sinmi. Oṣù mélòó kan ló máa ń wà níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi í dẹ́rù ba ọmọ bíi pàṣán, torí ọmọ tó bá gbà láti lò ó ló máa ń ṣe láǹfààní.

“Yóò bọ́ ná”

Òótọ́ ni pé eyín wàrà yóò bọ́. Àṣà tó ba ibẹ̀ jẹ́ kò ní bá a bọ́. Bí ìka tàbí ahọ́n bá ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí eyín àgbà ń yọ, ibẹ̀ náà ni yóò dá òun náà dúró. Ọmọ tó bá fi í sílẹ̀ lákòókò, àlàfo rẹ̀ máa ń pa ara rẹ̀ dé, láìsí wáyà rárá.

Àwọn mìíràn sì ń yára jù. Láàárín ọdún 6 sí 8, eyín iwájú tuntun lè yọ dé ìdajì kó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kì í ṣe àrùn. Ẹ má ní kí wọ́n yọ eyín wàrà kankan nítorí rẹ̀. Kí dókítà eyín wò ó nígbà tó bá pé ọdún 7, ìyẹn tó.

Ẹnu tó ń la sùn

Ọmọ tó ń hanrun, tó ń fi ẹnu mí tọ̀sán-tòru, ahọ́n rẹ̀ á wálẹ̀, ojú rẹ̀ á máa gùn bó ṣe ń dàgbà. Ohun tó dí imú rẹ̀ ló yẹ ká tọ́jú: ẹran tó wú lẹ́yìn imú, bélúbèlú tó tóbi, tàbí imú tí eruku ọyẹ́ ń bá jà. Dókítà etí, imú àti ọ̀fun ni yóò wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò fi abẹ gé bélúbèlú nínú ilé. Ẹ̀jẹ̀ lè máa dà kó má dá, kòkòrò sì lè wọlé síbẹ̀.

Rọ́bà àti wáyà ọjà

Àwọn ọ̀dọ́ rí i lórí fóònù pé èèyàn lè fi rọ́bà so eyín kó pàdé. Rọ́bà yẹn á yọ́ wọ abẹ́ ẹran eyín, á máa gun gbòǹgbò lọ sókè, ẹni tó so ó kò sì ní rí i mọ́, títí eyín tí kò ní àbùkù kan yóò fi mì tí yóò sì bọ́. Wáyà aláràbarà tí wọ́n ń tà fún oge náà kò yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó ní òun yóò fi eyín àtọwọ́dá bo àlàfo náà: eyín iwájú gùn sí i lójú, ohun tó yà á sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ohun tí ẹ kò ní lè parí

Ibí yìí ló ká mi lára jù, nítorí ọ̀nà wa jìn. Wáyà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ eyín kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi sí lẹ́ẹ̀kan kó parí. Dókítà gbọ́dọ̀ máa rí i ní gbogbo ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, fún nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ sí méjì, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń gbé ní Mopa tàbí Ayétòrò Gbẹdẹ, tó sì ń lọ sí ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH ní Ìbàdàn tàbí OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀, owó ọkọ̀ wà nínú owó ìtọ́jú rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó gba wáyà, ẹ béèrè bóyá dókítà tó ń to eyín wà ní Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin tó sún mọ́ yín. Ẹ ro owó rẹ̀ dé òpin. Wáyà tí a pa tì sẹ́nu láìsí ẹni tó ń wò ó ń kó oúnjẹ jọ, eyín á jẹrà lábẹ́ rẹ̀, á sì lọ síbi tí kò yẹ. Bí owó bá tán lágbede méjì, ẹ padà lọ kí wọ́n bá yín yọ ọ́ dáadáa. Ẹ má fi pílíásì yọ ọ́ nílé.

Iyán kò ṣe wáyà ní nǹkan kan. Eegun, àgbàdo sísun, èèpo awùsá tí a fi eyín fọ́, àti pákò líle ló ń já a.

Ẹni tí egungun àgbọ̀n rẹ̀ ló fà á, wáyà nìkan lè má tó. Dókítà lè fi ìṣó kékeré sínú egungun láti ti eyín ẹ̀yìn wọlé díẹ̀ kí ti iwájú lè pàdé. Èyí tó bá le gan-an ń béèrè iṣẹ́ abẹ, wọn kì í sì í ṣe é àfi tí ìdàgbàsókè bá ti parí.

Bí eyín bá sì ti pàdé, ẹ má sọ retainer nù, ìyẹn ohun tí dókítà ń fún yín lò lẹ́yìn wáyà kí eyín má bàa padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Open bite wà lára àwọn àbùkù eyín tó máa ń padà jù lọ, pàápàá tí ahọ́n bá ṣì ń sinmi sáàárín eyín. Ààyè ahọ́n nígbà tí ẹnu bá dákẹ́ ni òkè ẹnu, kí orí rẹ̀ wà lẹ́yìn eyín iwájú tòkè díẹ̀ láìkàn án, kí ètè pa dé, kí imú máa mí. Ó gba ìdánrawò ojoojúmọ́, ọmọ á kọ́ ọ bí àgbà bá ń rán an létí.

Ẹni tí ọ̀kadà gbé ṣubú

Èyí kò gba sùúrù rárá. Bí eyín àgbàlagbà ti ń pàdé tẹ́lẹ̀, tó wá gba àgbọ̀n lu ilẹ̀, tí eyín iwájú kò sì pàdé mọ́ láti ọjọ́ náà, ó ṣeé ṣe kí egungun àgbọ̀n ti kán nítòsí etí, lápá méjèèjì. Ẹ má fi òróró fọwọ́ ra á, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun. Ọjọ́ náà gan-an ni kó dé ilé ìwòsàn tó ní X-ray, kó má jẹ ohun líle lọ́nà, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé kó tó ṣubú, eyín rẹ̀ ń pàdé.