Bó o ṣe lè kó ìtàn ìdílé rẹ jọ nígbà táwọn àgbà ṣì wà láyé

Má tíì sáré lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì o. Ọ̀dọ̀ ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, fóònù ọwọ́ ẹ ti tó láti gba ohùn wọn sílẹ̀, ṣáà kọ́kọ́ tọrọ àyè. Tó o bá bi wọ́n pé ọdún wo ni nǹkan ṣẹlẹ̀, wọ́n lè má rántí, àmọ́ bi wọ́n pé "orin wo ni ìyá yín máa ń dá tẹ́ ẹ bá ń gbàdúrà àárọ̀?" tàbí "ta ló kọ́kọ́ gba Jésù nílé yìí, kí lojú ẹ̀ sì rí?", wàá gbọ́ ọ̀rọ̀.

Wá Bíbélì àtijọ́ ilé yín, àwọn míì máa ń kọ ọjọ́ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sínú ẹ̀. Wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Tí ọjọ́ ìbí kan bá ti ṣáájú ọdún yẹn, á jẹ́ pé ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n kọ ọ́, má tíì gbára lé e. Fi wé rẹ́jísítà ìrìbọmi ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n rántí pé ọjọ́ ìrìbọmi kọ́ lọjọ́ ìbí.

Ọ̀rọ̀ ìtìjú ńkọ́? Kọ ọ́. Mátíù orí 1 dárúkọ Támárì tó bímọ fún bàbá ọkọ ẹ̀ àti Ráhábù tó jẹ́ aṣẹ́wó nínú ìdílé Jésù, kò fi wọ́n pa mọ́. Àṣírí ẹni tó ṣì wà láàyè nìkan ni kó o gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀ kó o tó kọ.

Tó o bá ti parí, fún èèyàn méjì mẹ́ta ní ẹ̀dà ẹ̀, torí fóònù máa ń bà jẹ́.